Sáfà kan, tírákà púpọ̀: bí mo ṣe ń lo asyncio

Ìyá oníyán tó wà lẹ́bàá ilé mi ní Tánkẹ̀, òun nìkan ló ń dá gbogbo wa lóhùn. Bó bá gbé omi àmàlà kaná, kì í dúró wò ó. Á bu ọbẹ̀ fún ẹnì kan, á gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìgbà tí omi bá hó ló tó padà síbẹ̀. Bí asyncio, irinṣẹ́ inú èdè kọ̀ǹpútà Python tó ń jẹ́ kí ètò kan ṣoṣo dá ọ̀pọ̀ lóhùn, ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Èmi kọ́kọ́ gba ọ̀nà míì. Mo kọ sáfà (ètò tó ń gba ìsọfúnni, tó sì ń fèsì) fún àwọn tírákà, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọ̀kadà wà, tí wọ́n so mọ́ ọ̀kadà, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní thread tirẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ kan nínú ètò náà. Tírákà kì í sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ thread rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pọ̀, RAM, ìyẹn àyè ìrántí kọ̀ǹpútà, tán pátá.

Ẹ lo Python 3.11 tàbí èyí tó jù ú lọ. Láti 2014 ni asyncio ti wà nínú Python, ṣùgbọ́n asyncio.timeout kò sí nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀.

```
import asyncio

async def gba(reader, writer):
    try:
        while True:
            async with asyncio.timeout(180):
                ila = await reader.readline()
            if not ila:
                break
            await asyncio.to_thread(fi_pamo, ila)
            writer.write(b"OK\n")
            await writer.drain()
    except (TimeoutError, ConnectionError):
        pass
    finally:
        writer.close()

async def main():
    s = await asyncio.start_server(gba, "0.0.0.0", 5000)
    async with s:
        await s.serve_forever()

asyncio.run(main())
```

fi_pamo ni iṣẹ́ tiyín tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú dátábéèsì. await ń sọ pé: omi ti wà lórí iná, ẹ jẹ́ n dá ẹlòmíì lóhùn ná. 180 yẹn, ìṣẹ́jú àáyá ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já lójú ọ̀nà Ọ̀fà, tírákà á pòórá láì dágbére. Bí kò bá sí timeout (gbèdéke ìdúró), sáfà á kàn máa retí rẹ̀ ni. drain kì í jẹ́ kí èsì kún RAM nígbà tí ẹni tó ń gbà á bá ń falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ to_thread, tó ń gbé iṣẹ́ tó lè dí ọ̀nà fún thread míì, ló fojú mi rí nǹkan. Ìyá oníyán kì í gún iyán fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló ń bá a gún un lẹ́yìnkùlé. Bó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbá ọmọ odó mú pẹ́nrẹ́n, ebi á pa gbogbo wa. requests, sqlite3, time.sleep, iyán ni gbogbo wọn: wọ́n ń dí ọ̀nà títí wọ́n á fi parí. Mo ti fi time.sleep(5) sínú irú iṣẹ́ yìí rí. Tírákà kankan ò rí èsì gbà títí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún fi pé, mo sì fi odindi ọ̀sán kan bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán. Ẹ fi debug=True sínú asyncio.run: á tọ́ka sí ohunkóhun tó bá dí ọ̀nà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ìṣirò ńlá ní tirẹ̀, ProcessPoolExecutor, tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ètò míì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kí ẹ gbé e fún.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ tẹ ulimit -n, àṣẹ tó ń fi iye fáìlì àti ìsopọ̀ tí ètò kan lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà hàn. 1024 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Linux, ló ń gbé sáfà yín dìde, LimitNOFILE ni kí ẹ fi gbé e sókè. 65535 ni mo fi tèmi sí.