Bí ẹ ṣe lè kó èèyàn jáde lọ mọ igi ilẹ̀ wa nígbà ọyẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lọ́dọọdún, wọ́n á ní ṣé ìgbà ọyẹ́ tí igbó ti gbẹ, tí eruku ti bo gbogbo ewé tó kù, ni mo wá ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sóko pé ká lọ wo igi. Ìgbà yẹn gan-an ni o. Nígbà òjò, koríko ga ju orí èèyàn lọ, ewé bo ewé, gbogbo igi ló jọra lójú ẹni tí ò mọ̀ wọ́n, o ò sì ní rí ejò tó bá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ. Àmọ́ tí ọyẹ́ bá ti dé, láti bí ìparí oṣù kọkànlá lọ títí wọ oṣù kejì, ọ̀pọ̀ igi á wọ́wé, wàá rí bí èèpo wọn ṣe rí, wàá rí bí wọ́n ṣe ya ẹ̀ka, wàá rí èso tó so rọ̀, àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé àsìkò yẹn ni wọ́n ń tanná. Ẹni tó bá ti mọ igi ní ìhòòhò ò ní ṣì í mọ̀ tó bá wọṣọ.

Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣe é, ibẹ̀ náà ni mo máa fi ṣàpèjúwe, àmọ́ ẹni tó wà l'Ọ̀yọ́ náà lè ṣe é bẹ́ẹ̀ láìyí nǹkan púpọ̀ padà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ igbó. Ẹni méjì ni èmi máa ń wá, ọdẹ kan àti ìyá kan tó ń ta ewé lọ́jà. Bàbá ọdẹ mọ ibi tí igi wà àti ọ̀nà tí ò léwu, ìyá ẹlẹ́wé mọ ohun tí wọ́n ń fi igi náà ṣe, àwọn méjèèjì á sì máa jiyàn lórí orúkọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jiyàn dáadáa, ẹ má dá sí i, torí inú iyàn yẹn lẹ ti máa gbọ́ pé igi kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́ta, pé ohun tí wọ́n ń pè é nílé bàbá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń pè é nílé ìyá. Ẹ bá wọn dá owó kẹ́ ẹ tó gbéra. Ọjọ́ iṣẹ́ wọn lẹ gbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run á san án fún yín.

Ẹ má kó èrò rẹpẹtẹ. Èèyàn méjìlá ti tó, tí ọmọdé bá wà níbẹ̀ kí àgbàlagbà kan máa mójú tó ọmọ mẹ́rin péré. Tí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́ nǹkan tí bàbá ń sọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù.

Ọ̀rọ̀ ààbò nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré ẹ. Ẹ má wọ igbó ńlá tó jìnnà sílé, oko tó wà létí ìlú tó, oko èèyàn tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ sì ti gbàṣẹ lọ́wọ́ olóko. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò yẹn pé ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí, aago báyìí, ẹ ó sì kúrò ní aago báyìí. Kí ẹnì kan nílé mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, kí kùrukùru ọyẹ́ sì ká nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun ọ̀kadà tàbí wọ bọ́ọ̀sì, torí awakọ̀ kì í ríran jìnnà láàárọ̀ ọyẹ́. Aago méje ààbọ̀ dáa láti gbéra, nígbà tó bá fi máa di aago mọ́kànlá kẹ́ ẹ ti máa padà bọ̀ wálé, torí oòrùn ọ̀sán ọyẹ́ kì í ṣeré, àárọ̀ á tutù bíi ká dáná yá, ọ̀sán á jóni.

Aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà káńfáàsì. Kò sí sílípáàsì o. Píọ̀ wọ́tà méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní àṣìmá kó jókòó sílé lọ́jọ́ tí eruku bá pọ̀, tó bá sì máa wá lọ́jọ́ mìíì, kó mú oògùn tó ń fín sẹ́nu dání, kó sì fi nǹkan bomú. Kí gbogbo yín fi òrí pa ètè, ọwọ́ àti gìgísẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, èyí kì í ṣe torí pé ara ń ya nìkan, ẹ máa rí igi tí òrí yẹn ti wá tó bá yá.

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ò sí nínú oko rárá, iwájú Town Hall ni. Ìtàn ìlú wa sọ pé abẹ́ igi Àjàgbọ̀n ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tẹ̀dó sí, iwájú Town Hall ni wọ́n sì máa ń tọ́ka sí pé igi náà wà. Ẹ dúró níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ pé kí ilé tó wà, igi ló wà.

Tẹ́ ẹ bá ti débi igi nínú oko, ẹ má jẹ́ kí bàbá tètè dárúkọ ẹ. Orúkọ ló máa kẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ilẹ̀ abẹ́ igi, kí wọ́n wo ohun tó já sílẹ̀, èso ni àbí òdòdó àbí èèpo èso tó ti gbẹ, lẹ́yìn náà kí wọ́n fọwọ́ pa èèpo ẹ, kí wọ́n gbóòórùn ewé tó bá kù tí wọ́n bá rún un, kí wọ́n wá gbójú sókè wo ẹ̀ka níkẹyìn. Lọ́jọ́ kan ọmọkùnrin kan ṣáà ń bèèrè pé bàbá, kí lorúkọ ẹ̀, kí lorúkọ ẹ̀, bàbá wá ní, "Ọmọ mi, o ò tíì kí i, o ti ń bèèrè orúkọ." Látìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Igi irú ni mo fẹ́ràn jù láti fi han èèyàn. Ewé ẹ̀ wínníwínní, àwọn àgbẹ̀ kì í sì í gé e tí wọ́n bá ń ṣán oko, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i lóun nìkan láàárín ilẹ̀ gbalasa. Tí oṣù kìíní bá dé, ẹ máa rí òdòdó ẹ̀, ó pupa, ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù kékeré, ó sì so rọ̀ lẹ́nu ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn bí ìgbà téèyàn fi okùn so ó kọ́. Alẹ́ ló ń ṣí, àdán ló sì máa ń wá mu oyin inú ẹ̀, ara àdán ni àtíkè òdòdó kan ti ń bá a débi òdòdó mìíì. Tẹ́ ẹ bá tètè débẹ̀ láàárọ̀ ẹ máa bá èyí tó já nílẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ gbé e fún ọmọ kan kó dì í mú sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ní kó tú u wò, ó máa rí i pé ohun tó pè ní òdòdó kan ṣoṣo, òdòdó kéékèèké tí ò ṣeé kà ló kóra jọ síbẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó ti ń fi irú sebẹ̀ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ igi tó ti ń wá, ojú ẹ̀ kún fómi.

Igi òrí náà ò ṣòro mọ̀. Èèpo ẹ̀ nípọn, ó sán kéékèèké bí awọ ọ̀nì, èèpo yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ iná tó ń jó pápá lọ́dọọdún. Tó bá ti wọ́wé tán, ẹ máa rí òdòdó ẹ̀ tó ṣù jọ sí orí ẹ̀ka, oyin á máa hó lé e lórí. Ó máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó so èso, ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ dáadáa kí wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí tí ẹnì kan bá gé e fún igi ìdáná.

Oṣè ò lè pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìdí ẹ̀ tóbi, èso ẹ̀ ń fì lókè bí àdó, ewé ẹ̀ tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n gún ni lúrú. Pọ́npọ́lá àti àràbà ni èèyàn máa ń ṣì mú fún ara wọn torí àwọn méjèèjì lè ní ẹ̀gún lára, àmọ́ nígbà ọyẹ́ kò sí àṣìmú, pọ́npọ́lá á tanná pupa fòò lórí ẹ̀ka tí ò léwé kankan, ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ á kún orí ẹ̀. Ti àràbà kéré, ó funfun, lẹ́yìn ẹ̀ lòwú máa ń bẹ́ jáde láti inú èso ẹ̀.

Ẹ mú orín ata náà lọ tẹ́ ẹ bá ríi rà lọ́jà, kí wọ́n rún un lẹ́nu lẹ́bàá igi ẹ̀ gan-an, ahọ́n á máa ta wọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan ń rìn lórí ẹ̀.

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn mí. Tí mo bá ní kí àwọn ọmọ dárúkọ igi ilẹ̀ wa márùn-ún, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni máńgòrò, kajú, dóńgóyárò, tíìkì, mẹlaína. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó jẹ́ ti ilẹ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Máńgòrò àti dóńgóyárò wá láti apá Íńdíà, tíìkì àti mẹlaína náà láti Éṣíà, kajú láti Bùràsíìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ogbómọ̀ṣọ́ kún fún kajú àti máńgòrò tó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Kódà ewé Akíntọ́lá tó bo gbogbo oko wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ẹ má bú àwọn igi yẹn, ẹ kàn jẹ́ kí ọmọ mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò.

Ewu tí ọyẹ́ ń mú wá méjì ló le. Àkọ́kọ́ ni wèrèpè. Àsìkò yìí ló ń gbẹ, èso ẹ̀ á ní irun wúrà tó ń dán, ó lẹ́wà lójú, ọmọdé á fẹ́ já a. Lọ́dún kan a gba abẹ́ ìtàkùn ẹ̀ kọjá láìmọ̀, atẹ́gùn fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn, bí wọ́n ṣe ń họ ọ́ ló ń ràn lọ sí apá àti ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ họ ọ́. Ẹ kó wọn kúrò nínú atẹ́gùn, ẹ bọ́ aṣọ lára wọn, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ sì fà á kúrò léraléra kí irun ẹ̀ lè bá a jáde. Sẹ́lótéèpù ò kúrò nínú báàgì mi mọ́ látọjọ́ yẹn. Èkejì ni iná. Àwọn èèyàn máa ń sun pápá nígbà ọyẹ́, tẹ́ ẹ bá rí èéfín níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ wá bá yín, ẹ padà lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ojú ọ̀nà gbalasa tàbí ibi tó ti jóná tẹ́lẹ̀, ẹ má wọnú koríko gíga. Ẹ̀yin náà ẹ má dáná rárá.

Ẹ má bó èèpo igi o. Igi tí wọ́n bó yí ká á kú ni. Ẹ má sì fi ohun tẹ́ ò mọ̀ sẹ́nu torí pé ẹnì kan ní oògùn ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fàmì sára igi kẹ́ ẹ lè padà dá a mọ̀, ẹ má so aṣọ pupa tàbí funfun mọ́ ọn, àwọn ará oko á rò pé ẹbọ ni. Ẹ yà á ní fóònù, ẹ sì gba ohùn bàbá sílẹ̀ níbi tó ti ń pe orúkọ ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ náà láìsí àmì ohùn, ẹni tó máa kà á lọ́la lè pe nǹkan mìíì.

Ẹni tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta tó fẹ́ rìn jìnnà sí i, Old Oyo National Park wà. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, ọdún 1991 ló di páàkì orílẹ̀-èdè, inú ẹ̀ náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ofíìsì wọn nílùú Ọ̀yọ́ lọ́nà Ìsẹ́yìn, kẹ́ ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí lásìkò yẹn, kí gáàdì wọn sì mú yín wọlé. Ẹ má dá wọ̀ ọ́.

Lóṣù kẹta sí kẹrin, ẹ kó àwọn ọmọ kan náà padà sábẹ́ igi irú yẹn. Èso ẹ̀ á ti gbó, ẹ la ọ̀kan, àtíkè rẹ́súrẹ́sú tó yí hóró ká máa ń dùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lá a.