Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè wá ìwé lórí Ogun Kírìjì, láti ilé-ìkàwé dé ilé àkójọ ìwé àtijọ́

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó sì di 1893 kó tó tán. Ìbàdàn wà lápá kan. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó bá wọn ṣe wà lápá kejì, tí wọ́n ń jẹ́ Èkìtìparapọ̀. Ogun tó gba ọdún 16 fi ìwé púpọ̀ sílẹ̀, àmọ́ àwọn ìwé náà kò sí lójú kan. Òmíràn wà ní Ìbàdàn, òmíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn sì wà ní Birmingham. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàn wọlé tó ní "ìwé lórí Kírìjì ni mo ń wá" yóò bá ìwé kan tàbí méjì jáde, ìyẹn èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dà kọ tán. Ìwé tó kù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ni wọ́n fi pa mọ́.

Ìbéèrè kí ó tó di ìwé

Má ṣe fi "Ogun Kírìjì" ṣe àkòrí. Ó gbòòrò jù. Mú ìbéèrè kan ṣoṣo. Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò nìyí: wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní bùdó ogun ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, kí ló wá fà á tí àwọn ọmọ ogun kò fi túká títí di oṣù Kẹta 1893?

Pín tákàdá kan sí ọ̀nà mẹ́rin: ènìyàn, ìlú, ọdún, irú ìwé. Lábẹ́ ènìyàn, kọ Gómìnà Moloney tó rán àwọn oníṣẹ́ àlàáfíà, Gómìnà Carter tó wá tú bùdó ká, Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi ní ìhà Èkìtìparapọ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ti kú ní 1885, nítorí náà kò sí nínú ìbéèrè yìí. Bí o bá rí i pé ó ń wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ fún 1886, ọdún ti dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Lábẹ́ ìlú, kọ Ìgbájọ, Ìmẹsí, Mọ̀dákẹ́kẹ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin. Mọ̀dákẹ́kẹ́ wọlé nítorí àdéhùn náà ní kí wọ́n ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà, wọn kò sì ṣí. Ọ̀fà wọlé nítorí Ìlọrin ṣì ń bá a jà nígbà tí àwọn yòókù ti ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Tákàdá yìí ni ìwọ yóò gbé lọ síwájú kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé. Láìsí i, wákàtí méjì yóò lọ lórí wíwo àtẹ lásán.

Orúkọ tí katalọ́ọ̀gù mọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Katalọ́ọ̀gù, ìyẹn àkójọ orúkọ ìwé inú ilé-ìkàwé, kì í mọ ohun tí o ní lọ́kàn. Bí ẹni tó kọ ìwé ṣe kọ orúkọ sílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Yọ gbogbo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò nígbà tí o bá ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i. Bí o bá tẹ "Èkìtìparapọ̀" pẹ̀lú àmì, ọ̀pọ̀ katalọ́ọ̀gù yóò dá ọ lóhùn pé kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí, dán gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé wò lọ́kọ̀ọ̀kan:

Ekitiparapo, Ekiti Parapo, Ekiti-Parapo
Ijesa, Ijesha
Ogedengbe, Ogedemgbe
Latosa, Latosisa
Ilorin, Illorin
Abeokuta, Abbeokuta

Ohun kan tún wà tí kì í wá sọ́kàn ènìyàn. Wọ́n ní ìró ìbọn láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Orúkọ àwọn tó wà nítòsí ni. Èkó ni àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dúró sí tí wọ́n ń kọ̀wé, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tó kù ni wọ́n sì ń pè ní "the Interior". Bí o bá ń wá ìwé ìjọba ìgbà náà, "Lagos interior", "war in the interior" àti "interior tribes" ni kí o tẹ̀. "Kiriji" nìkan kò ní gbé ìdajì wọn jáde.

Ètò tí wọ́n fi ń to ìwé sórí àtẹ kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ní ilé-ìkàwé tó ń lo ètò Library of Congress, lọ sí àtẹ DT515. Ìwé lórí àwọn Yorùbá wà ní DT515.45.Y67. Níbi tó jẹ́ Dewey ni wọ́n ń lò, 966.9 ni Nàìjíríà. Nígbà tí o bá ti rí ìwé kan, dúró níbẹ̀, kí o wo èyí tó wà lápá òsì àti lápá ọ̀tún rẹ̀. Fún àkòrí gbogboogbò, "Nigeria, History, 1851-1899" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń to ìwé máa ń lò fún àsìkò yìí.

Ìwé àtijọ́ kì í sábà sí lórí àtẹ gbangba. Apá Africana ni wọ́n ń kó wọn sí, ìyẹn ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń bá ọ mú ìwé wá. Má kàn ní "mo fẹ́ ìwé ìtàn." Sọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àdéhùn àlàáfíà 1886 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo ti wo DT515. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ìwé ìròyìn Èkó ti ọdún náà lórí máíkírófíìmù, tàbí iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gboyè?" Ìbéèrè tó ní ọdún àti irú ìwé nínú ni òṣìṣẹ́ lè bá ọ ṣe. Ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Hezekiah Oluwasanmi ní Ilé-Ifẹ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀nà rẹ bá gbà.

Ìwé mẹ́ta, àti bí a ṣe ń kà wọ́n

Èkíní ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, òun náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kó jọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìtàn ìwé yìí ṣe pàtàkì fún ọ: tí o bá fa gbólóhùn yọ, kò yẹ kí o kọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tí a kọ lójú ogun ni. Johnson fúnra rẹ̀ sìn ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ ìjọ, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n rán láàárín bùdó méjèèjì ní 1886. Ó mọ ohun tí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ń rò dáadáa. Ohun tí Èkìtì ń rò kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà 1921 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé àpótí ìwákiri inú rẹ̀ nìkan. Ẹ̀rọ tó ka ojú-ìwé máa ń ṣi lẹ́tà kà. Lo atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé.

Èkejì ni *Revolution and Power Politics in Yorubaland* tí S. A. Akintoye tẹ̀ jáde ní 1971. Ìdìde Èkìtìparapọ̀ ni ọ̀pá ìdí rẹ̀, nítorí náà ó dára láti kà á mọ́ Johnson.

Ẹ̀kẹta ni *Yoruba Warfare in the Nineteenth Century* ti Ajayi àti Smith, 1964. Apá ti Smith wúlò fún ohun ìjà, odi ìlú àti bùdó ogun. Apá ti Ajayi, Ogun Ìjàyè ló dá lé, kì í ṣe Kírìjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fa ọ̀rọ̀ Ìjàyè yọ láti fi ti Kírìjì lẹ́yìn, olùkọ́ tó mọ ìwé náà yóò sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun tó níye lórí jù nínú ìwé Akintoye fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí ni àlàyé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé. Ṣí orí tó kan ọdún rẹ, kí o da gbogbo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ, kí o sì wá ojú-ìwé tí wọ́n ti túmọ̀ àwọn ìkékúrú. Báyìí ni ìwọ yóò ṣe mọ fáìlì tó yẹ kí o béèrè kí o tó wọ ọkọ̀. Ẹni tí kò ṣe èyí yóò lo ọjọ́ mẹ́ta nílé àkójọ ìwé láti wá ohun tí ẹlòmíràn ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Fún jọ́nà, wo *Journal of the Historical Society of Nigeria* tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, *Journal of African History* tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, àti *Odu*. Orí JSTOR, àkójọ jọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni méjì àkọ́kọ́ wà. Bí ó bá ti ọ síta láti ilé, wọ̀ ọ́ pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ìkàwé yunifásítì rẹ.

Ìwé ìròyìn

Má wá Kírìjì nínú *Ìwé Ìròhìn* ti Abẹ́òkúta. Láti 1859 sí 1867 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ti kú fún ọdún mẹ́wàá kí ogun yìí tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wúlò ni ti Èkó: *Lagos Times* láti 1880, *Lagos Observer* láti 1882, *Eagle and Lagos Critic* láti 1883, àti *Lagos Weekly Record* láti 1891 fún àsìkò Carter. Ẹsẹ̀ ni ìròyìn fi ń rìn láti bùdó dé Èkó nígbà náà, nítorí náà má wá ìṣẹ̀lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Fún ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù náà kí o sì ka gbogbo oṣù Kẹwàá.

Ka ojú-ewé lẹ́tà sí olóòtú pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń ran ilé lọ́wọ́ títí kan ìbọn tuntun tó ń yára yìn. Ẹni tó kọ lẹ́tà lè jẹ́ ẹni tó rà nínú ìbọn náà. Kọ orúkọ ẹni tó kọ̀wé sílẹ̀ kí o tó kọ ohun tó sọ.

Ilé àkójọ ìwé àtijọ́

National Archives ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka rẹ, mú káàdì akẹ́kọ̀ọ́ dání, kí o sì mú pẹ́ńsù. Báírò kì í wọ irú ibẹ̀. Béèrè ìwé atọ́ka fáìlì kí o tó béèrè fáìlì. CSO ni ti ọ́fíìsì ìjọba, CMS (Y) ni ti àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society ní ilẹ̀ Yorùbá. Béèrè ìwé Charles Phillips pẹ̀lú: òjíṣẹ́ ìjọ ní Oǹdó ni, òun àti Johnson ni wọ́n jọ lọ sí bùdó ní 1886. Kà wọ́n pọ̀, torí ibi tí àwọn méjèèjì ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan náà lọ́nà tó yàtọ̀ ni iṣẹ́ rẹ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwúlò.

Ìwọ yóò tún rí fáìlì Oyo Prof àti Ondo Prof, ìyẹn ti ọ́fíìsì ìjọba ní Oyo Province àti Ondo Province. Ìwé ọ̀rúndún ogún ni wọ́n. Ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún 1930 máa ń tún ìtàn ogun sọ, àmọ́ nígbà náà, ìlú ń du ipò, ààlà àti orí oyè. Lò wọ́n láti mọ ohun tí ìlú rántí ní 1930. Má fi wọ́n ṣe ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1886.

Bí ẹnìkan bá lè bá ọ wo ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, CO 147 (CO ni Colonial Office) ni lẹ́tà láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní The National Archives ní Kew. Láti 1874 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1886, abẹ́ ìjọba Gold Coast ni Èkó wà, nítorí náà wo CO 96 náà fún àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ní Kew, káàdì òǹkàwé kò gba owó, kámẹ́rà tìrẹ náà kò gba owó. Àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tún tẹ lẹ́tà tó kan àlàáfíà 1886 jáde nínú ìwé C. 4957 ti 1887; béèrè fún Parliamentary Papers. Wọ́n ti ṣa èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ o, nítorí náà fi wé CO 147 tí o bá lè rí i.

Ìwé CMS fúnra rẹ̀ wà ní Cadbury Research Library ní Birmingham. Títí dé 1880, nọ́ńbà rẹ̀ ni CA2. Láti 1880, ó di G3 A2. Ogun náà la 1880 kọjá, ẹni tó bá wo CA2 nìkan yóò sì rò pé àwọn míṣọ́nnárì dákẹ́.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀

Ya fọ́tò èèpo fáìlì kí o tó ya ojú-ìwé kankan, tí wọ́n bá gbà fún ọ láti yà á. Fọ́tò tí kò ní nọ́ńbà fáìlì kò ṣeé tọ́ka sí, kò sì sí bí o ṣe fẹ́ rántí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, kọ ilé àkójọ, nọ́ńbà fáìlì, ẹni tó kọ̀wé, ẹni tó kọ ọ́ sí, ọjọ́, àti ibi tó dúró sí nígbà tó ń kọ ọ́. Ohun ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń fò. Fún àdéhùn 1886, to káàdì rẹ sí òkìtì márùn-ún: bùdó Ìbàdàn, bùdó Èkìtìparapọ̀, Ìlọrin, àwọn òjíṣẹ́ ìjọ, gómìnà. Bí òkìtì Èkìtìparapọ̀ bá fẹ́ẹ́rẹ́, padà sọ́dọ̀ Phillips àti ìwé ìròyìn Èkó kí o tó bẹ̀rẹ̀ orí kejì iṣẹ́ rẹ. Òkìtì Ìlọrin yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, nítorí lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Sọ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ, kí o sì dárúkọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá.