Ibi tí ẹ máa gbé gíábọ́ọ̀sì sí nínú ọkọ̀ agunpàta oní-rìmóòtù

Àwọn ọmọ tó ń gbé ọkọ̀ wá bá mi ní Iléṣà, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: "Bọ̀ọ̀dá, kì í gun àpáta, ṣe ló ń dànù sẹ́yìn." Bí mo bá ti ṣí bọ́dì rẹ̀, mo á bá gíábọ́ọ̀sì tó ga fíofío, tó tún sún sẹ́yìn. Báwo ló ṣe fẹ́ gùn ún?

Mo gbà pé ẹ ti to ṣáásì, ẹ ti so ásù méjèèjì (irin tí táyà ọ̀tún àti tòsì wà létí rẹ̀) àti ṣọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi ni mò ń sọ, èyí tó jẹ́ mìlímítà 313 láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn. Ẹ gbé gíábọ́ọ̀sì lé àwo abẹ́ ṣáásì, kó sún mọ́ ilẹ̀ dáadáa, kí ẹ́ńjìnnì kọjú síwájú. Síkùrù méjì péré ni kẹ́ ẹ fi mú un. Ẹ má tíì fún un le.

Ibi tó ń da èèyàn láàmú rèé. Wọ́n á gbọ́ pé iwájú ló yẹ kó wúwo, wọ́n á wá ti gíábọ́ọ̀sì síwájú títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan ásù. Bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń sún síwájú ni ṣáàfù iwájú, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí ásù, ń kúrú, bó bá sì ti kúrú, ó ti dagẹ̀rẹ̀ jù nìyẹn. Oríkèé rẹ̀ á máa há, táyà á máa gbọ̀n. Mo mọ ẹnì kan tó torí èyí ra ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ́ńjìnnì ò sì ṣẹ̀ ẹ́.

Èmi máa ń yọ sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ásù lè lọ sókè sódò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ti ásù iwájú sókè títí kó fi dúró, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí ṣáàfù. Ṣé kò há? Ṣé ọ̀pá inú rẹ̀ kò tíì kan ìdí? Ṣé ọ̀pá orí ásù kò gbá ẹ́ńjìnnì? Ẹ jẹ́ kó rọ̀ délẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ tún un yí. Ṣáàfù kò gbọdọ̀ bọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé táyà ọ̀tún nìkan sókè, nítorí bí àpáta ṣe máa lọ́ ọ nìyẹn. Ẹ ṣe ti ẹ̀yìn náà. Bó bá há, ẹ fa gíábọ́ọ̀sì sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi wáṣà gbé ìdí rẹ̀ kí imú rẹ̀ lè tẹ̀ wálẹ̀, àmọ́ ohun tí iwájú bá jẹ lérè, ṣáàfù ẹ̀yìn ló máa san án, torí náà ẹ tún ẹ̀yìn wò.

Ìwúwo ńkọ́? Ẹ ki bátìrì bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn fúláwà ti tó. Ìwé ni mo máa ń tò sábẹ́ táyà ẹ̀yìn kó lè ga bíi síkéèlì tí táyà iwájú wà lórí rẹ̀. Nínú ìdá 100 ìwúwo ọkọ̀, mo fẹ́ kí iwájú gbé 60. Bí kò bá pé, bátìrì ni kẹ́ ẹ sún síwájú.

Bó bá jẹ́ pé ẹ yí gíábọ́ọ̀sì kọjú sẹ́yìn kó tó gbà, ọkọ̀ á máa fẹ̀yìn rìn. Ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì tó wọ ẹ́ńjìnnì oníbúrọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wá fún síkùrù le. Gọ́ọ̀mù búlúù tí kì í jẹ́ kí síkùrù tú ni wọ́n ń lò fún irin tó wọ irin. Èmi ọmọ Òṣómàáló, ọ̀dà èékánná láti ọjà Àtàkúmọ̀sà ni mò ń fi sí i. Ẹ má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù yẹn kan pílásítíìkì, ó lè mú un sán. Ẹ má sì tíì gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi ọ̀sọ̀rọ̀ omi Olúmirin láti dán an wò, àpáta ibẹ̀ ń yọ̀. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lẹ́yìnkùlé ti tó.