Ọyàn tuntun ni mo bá lọ, abẹ́ abíyá ni wọ́n bá mi tún ṣe

Kí n tètè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ohun tí kò sí níbẹ̀: n kò ṣe ọyàn tuntun. Mo wádìí ẹ̀ dé gbòǹgbò, mo jókòó níwájú dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó yẹ̀ mí wò tẹ̀yìn tọ̀rùn, mo sì padà sílé láìṣe é. Ṣùgbọ́n n kò padà lọ́wọ́ òfo.

Aláró ni mí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti gé ọyàn òsì mi nítorí jẹjẹrẹ. Mo gba kímò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, mo gba ìtọ́jú onítànṣán ní UCH n'Íbàdàn, mo lo tamoxifen, oògùn tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ ọyàn tètè padà, títí dókítà fi ní kí n dúró. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀ àtúnṣe ọyàn nígbà yẹn, èmi náà ò sì bèèrè. Ẹ̀mí là ń wá, ta ló ń ro ti ẹwà. Fóòmù tí mo gé fúnra mi ni mo ń kì bọ kọ́mú, mo rán àpò ańkárá sí i, mo wá da ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó lè wúwo. Bí kò bá sí ìrẹsì yẹn, bí mo bá ti gbọ́wọ́ sókè báyìí, kọ́mú á bá a lọ. Bí òógùn bá ti rin ín, mo dà á nù, mo bu òmíràn. Ọmọ mi a ní ìrẹsì tí èmi nìkan ń jẹ tán nínú ilé yìí, kì í gba ẹnu wọlé.

Ọmọ yìí kan náà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣì lè ṣe é fún yín? Kò ní gbèdéke ọdún o." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n lè ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọyàn gan-an, wọ́n sì lè ṣe é lẹ́yìn ogún ọdún, bí ara bá ṣáà ti le. Ẹni tó gba ìtọ́jú onítànṣán ni wọ́n máa ń ní kó ní sùúrù, ó kéré tán oṣù 6 sí ọdún kan, kí awọ ara lè fara balẹ̀. Bàbá wọn ní ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe, èsì tí kò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Ìwé ló kọ́kọ́ fi ojú mi rí màbo. Dókítà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n gé àti bí wọ́n ṣe gé e, èsì tí láàbù kọ nígbà náà, ibi tí wọ́n tan ìtànṣán sí, mámógíráàmù tuntun, ìyẹn fọ́tò inú ọyàn, ti ọyàn tó ṣẹ́ kù, àti bí ìfúnpá àti ṣúgà ṣe rí. Níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọn ò rí fáìlì mi. Wọ́n ní kí n padà wá, mo padà lọ, wọ́n tún ní kí n padà wá. Bébà pélébé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo kúrò ní wọ́ọ̀dù, tí mo ká mọ́ ìwé-ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ, òun ló yọ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́, gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún yín, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀.

Ifẹ̀ ni mo lọ. Dókítà náà kéré sí mi dáadáa, ó ń pè mí ní Màmá. Ó ní kí n bọ́ aṣọ, ó fi ìka méjì gbìyànjú láti ká awọ àyà mi sókè, kò gbérí. Ó ti lẹ̀ mọ́ egungun ìhà bí aṣọ tí ẹ̀kọ gbẹ mọ́. Ó wá mú ikùn mi, ìyẹn kún ọwọ́ ẹ̀ bámúbámú, làwa méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà mẹ́ta ló là kalẹ̀. Àkọ́kọ́ ni sílíkọ́ọ̀nù, ohun rírọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ kó lè dà bí ọyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi nǹkan bíi bàlúùnù sábẹ́ awọ, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ rọ omi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí awọ lè nà, kí wọ́n tó fi sílíkọ́ọ̀nù rọ́pò ẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ tí ìtànṣán ti kàn kì í fẹ́ nà. Ara lè sé mọ́ sílíkọ́ọ̀nù náà kó le gbagidi, ojú ọgbẹ́ sì lè ṣí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kì í ṣe nǹkan àfisára dọjọ́ ikú, ó lè di dandan kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ tó bá yá. Ọmọ mi tó bá mi lọ bèèrè nípa èyí tó kà pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Dókítà ní èyí tí ara ẹ̀ rí ṣákaṣàka ni, pé ní oṣù keje ọdún 2019 ni ilé iṣẹ́ Allergan kó irú tiwọn kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, nítorí irú jẹjẹrẹ lymphoma kan tó ṣọ̀wọ́n. Ó ní àtúnṣe ọyàn fúnra ẹ̀ kì í jí jẹjẹrẹ tó ti lọ.

Ìkejì, ikùn. Wọ́n á gé awọ àti ọ̀rá ìsàlẹ̀ ikùn pẹ̀lú ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí àyà, wọ́n á wá fi awò amúǹkantóbi so iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín mọ́ra wọn. Ó máa ń gbà tó wákàtí 6 sí 8, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń rò ó pé ikùn yìí yóò wá wúlò báyìí, àfi ìgbà tó rí àpá iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì tí mo ṣe nígbà èwe, tó là láti ìdodo wá sílẹ̀ gbọnrangandan. Ẹ̀jẹ̀ kì í kọjá àpá bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí náà ìdajì ikùn nìkan ló ṣeé fọkàn tán.

Ó wá ku ẹ̀yìn. Iṣan fífẹ̀ kan wà lẹ́yìn, lábẹ́ eegun èjìká. Wọ́n á tú u pẹ̀lú awọ díẹ̀, wọ́n á gba abẹ́ abíyá yí i wá sí iwájú láìgé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ó máa ń gbà lára ẹni tí ìtànṣán ti kàn, àmọ́ wọ́n sábà máa ń fi sílíkọ́ọ̀nù kékeré sábẹ́ ẹ̀ kó lè yọ síta. Mo ti fẹ́ sọ pé kó kọ ọjọ́ fún mi. Ni mo bá ní, "Dókítà, iṣan yẹn, kí ló ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó ní òun la fi ń fa nǹkan mọ́ra, òun la fi ń fa nǹkan wálẹ̀ láti òkè. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń ṣe iṣẹ́ ilé wọn lẹ́yìn ẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi agbára fa nǹkan lójoojúmọ́ á mọ̀ ọ́n lára.

Bẹ́ẹ̀, aṣọ yáàdì 5 tó mu aró yó, ẹni tí kò fà á jáde látinú ìkòkò rí kò lè mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ ó fà á jáde, ẹ ó fún un, ẹ ó tẹ́ ẹ kó gba atẹ́gùn, ẹ ó tún tì í padà. Ọwọ́ òsì mi ti ń wú látìgbà tí wọ́n ti yọ kókó abíyá, ìbọ̀wọ́ ni mo fi ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ kọ́sítíìkì inú aró. Ẹ̀yìn òsì yẹn kan náà ni wọ́n sì máa gé. Ẹ̀yìn yìí ni mo fi ń jẹun. Látọjọ́ náà, obìnrin tó bá bi mí, ohun tí mò ń sọ fún un ni pé kó má kọ́kọ́ bèèrè bí ọyàn náà ṣe máa rí. Kó bèèrè ibi tí wọ́n á ti mú un lára òun, àti ohun tí ibẹ̀ ń bá òun ṣe. Akọ̀wé tí ikùn ẹ̀ kò lápá lè dáhùn lọ́nà mìíràn, kò sì burú.

Nígbà tí mo ní ó tì, dókítà ò bínú. Ó ní ààyè ṣì wà bí mo bá yí ọkàn padà. Ó wá ní, "Màmá, kí ló ń yọ yín lẹ́nu jù níbẹ̀ gan-an?" Mo gbé apá, mo fi hàn án. Níbi tí ojú àpá parí sí lábẹ́ abíyá, awọ kan ṣù jọ síbẹ̀ tó yọ gọngọ. Kọ́mú ń ha á, tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á bó, á máa ta mí. Mo ti gbà pé ara ohun tí jẹjẹrẹ fi sílẹ̀ ni, pé ọ̀nà àtitún un ṣe kò sí bí kì í bá ṣe pé mo ṣe odindi ọyàn. Ó ní, "Èyí? A lè yọ èyí nìkan, ẹ ó sì lọ sílé lọ́jọ́ kan náà."

Mo sún un dé ẹ̀yìn ọdún Ọ̀ṣun, torí oṣù kẹjọ ni àwọn àlejò máa ń ra àdìrẹ. Dókítà ti bèèrè bóyá àpá mi máa ń wú yọ síta di kéélọ́ìdì, ó sì kìlọ̀ pé awọ tí ìtànṣán ti kàn kì í tètè jinná. Lọ́jọ́ náà, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi dùbúlẹ̀, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tó mú ojú ibẹ̀ kú. Abẹ́rẹ́ yẹn ta mí dé ọpọlọ. Lẹ́yìn ẹ̀, mo kàn ń gbọ́ sísọ́ọ̀sì, mo ń mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń fa nǹkan, kò sì dùn mí. Nọ́ọ̀sì tó dúró síwájú mi ń bi mí léèrè pé, "Ìyá Aláró, èló lẹ wá ń ta àdìrẹ oníko báyìí?" Mo sọ iye owó ẹ̀ fún un níbẹ̀, ó sì san án lóòótọ́.

Òwú tí wọ́n fi rán ojú ibẹ̀ pẹ́ lára mi ju bí mo ṣe rò lọ, ojú kan sì ń ṣomi kó tó gbẹ. Àwọn ọmọṣẹ́ ló ń fa aṣọ, èmi jókòó lórí àga mo ń pariwo lé wọn lórí. Wọ́n fi awọ tí wọ́n gé náà ránṣẹ́ sí láàbù, èsì sì dára. Mámógíráàmù ọyàn ọ̀tún ṣì wà lọ́dọọdún. Kọ́mú ti ń jókòó dáadáa báyìí, kò sí ohun tó ń ha mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ọ́jà Ọba ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni màá lọ ṣe ti gidi. Mo ní kó yá mi ní ẹ̀yìn tiẹ̀, ẹrù tòmátì tó ń gbé ò wúwo tó aṣọ mi.