Ẹsẹ̀ ìdènà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara: àwọn àṣìṣe tó ń sọ ọ́ di ewu

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ méjì kéékèèké tí wọ́n ń kì bọ páìpù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara wà fún. Bí iwájú kẹ̀kẹ́ bá gbéra sókè, táyà kékeré tó wà nídìí wọn ni yóò gbà á dúró, kí ìpàkọ́ ẹni tó jókòó má baà gbá ilẹ̀. Gíga wọn sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ́kọ́ ṣì.

Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n àlàfo tó wà láàárín táyà kékeré náà àti ilẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ sábà máa ń ní kí a lò ni mílímítà 38 sí 50. Àwọn kan a gbé e dé 100 kí ó má baà máa kọ́ òkúta, wọ́n á sì rò pé ìlọ́po méjì péré ni ewu náà. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú kẹ̀kẹ́ tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ga tó mílímítà 610 láti ilẹ̀ dé orí, tí ẹsẹ̀ ìdènà sì jìn sí ọ̀pá àárín táyà náà ní 250. Bí àlàfo bá jẹ́ 50, kẹ̀kẹ́ yóò dà sẹ́yìn ní nǹkan bíi dígírì 13 kí ó tó kanlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 100, ó di nǹkan bíi dígírì 30. Níbẹ̀, ìwúwo ara ti rékọjá ọ̀pá táyà sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ sì ń fi ipá bọ̀ wálẹ̀. Ó lè tẹ páìpù náà wọ́, tàbí kí ó tàkìtì kọjá lórí rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́lẹ̀ jù náà kò dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fọkàn ẹni balẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ títẹ́jú ti pàdé ilẹ̀ dagẹrẹ, táyà iwájú yóò wà lórí ìkan, ẹsẹ̀ ìdènà yóò wà lórí èkejì, táyà ńlá méjèèjì yóò sì rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Táyà ńlá yìí ni bíréèkì ń dì mú, òun náà ni ọwọ́ fi ń wa kẹ̀kẹ́. Ẹni tó jókòó kò ní lè lọ, kò sì ní lè dúró.

Ẹ wọn àlàfo náà nígbà tí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ bá jókòó sórí rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú táyà sì pé. Ẹ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga bó ṣe máa ń gbé e kọ́, torí pé ó ń fa ìwúwo sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ kò ní ìwúwo púpọ̀ níwájú, nítorí náà tètè ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń dà. Bí ẹ bá sì gbé ọ̀pá táyà sókè ní ihò kan lára férémù, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ti lọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún un wọ̀n.

Ẹ má ṣe ẹsẹ̀ ìdènà tó jẹ́ pé àfi kí a yọ ọ́ kúrò pátápátá kí kẹ̀kẹ́ tó lè gun etí títì. Ohun tí a yọ, a máa ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣeé yí sókè láìlo irinṣẹ́, kó má kúrò lára kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì kun ìhà rẹ̀ tó máa ń hàn nígbà tó bá yí sókè ní pupa kí olùrànlọ́wọ́ lè rí i pé kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ wà dáadáa náà máa ń yọ ọ́ sọnù, torí pé kì í jẹ́ kí wọ́n gbé táyà iwájú kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọn kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ ẹni tó ṣe é ni láti wá ojútùú. R. Lee Kirby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Dalhousie ní Kánádà ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Bọ́tìnnì onísípíríǹgì tó ń di ẹsẹ̀ ìdènà mú nínú páìpù gbọ́dọ̀ yọ jáde tán nínú ihò. Bí iyanrìn tàbí ìpẹtà bá há a, ẹsẹ̀ náà yóò yí lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti fi gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè.

ISO 7176-1 ni ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń dán ìdúró kẹ̀kẹ́ wò lórí pẹpẹ tó ń dagẹrẹ. Bí ẹ kò bá ní irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi àpò iyanrìn tó wúwo bí ènìyàn dí àga. Kí ẹni méjì dúró lẹ́yìn, kí wọ́n fi okùn di férémù mú, kí wọ́n sì rọra dà á sẹ́yìn. Ẹ ṣe é lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lẹ́yìn náà lórí dagẹrẹ, kí iwájú kọjú sókè. Bí ẹsẹ̀ kan bá kanlẹ̀ ṣáájú èkejì, ihò wọn kò bára mu. Ẹ tú wọn, ẹ tò wọ́n, kí ẹ tó jẹ́ kí ènìyàn jókòó.