Bí a ṣe ń gbin yukalípítọ́ọ̀sì tí ìjì kò fi ní wó o

Ẹ já ewé yukalípítọ́ọ̀sì kan, kí ẹ fi ọwọ́ rún un: òórùn rọ́ọ̀bù tí ìyá wa fi ń pa wá láyà nígbà ọ̀fìnkìn ni yóò gba imú yín kan. Nílẹ̀ Èkìtì wa, òpó àti igi ìkọ́lé ni mo fi ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn láti gbìn ín sí. Kíá ló ń ga, kò sì bínú sí ilẹ̀ olókùúta. Gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ni kò gba ìwọ̀sí.

Irú rẹ̀ ju 600 lọ, Ọsirélíà sì ni ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ béèrè irú tí wọ́n fẹ́ tà fún yín kí ẹ tó sanwó. Camaldulensis ni kí ẹ wá fún òpó. Citriodora ni ti ẹni tó fẹ́ òórùn lẹ́mọ́ọ̀nù lẹ́yìnkùlé.

Oṣù kìíní ni kí ẹ ti fọ́n irúgbìn, kí ọmọ igi lè tó gbé lọ sóko nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà. Irúgbìn náà kúnná bí aṣáà. Ẹ lu ihò sí ìdí abọ́ ike, ẹ da yanrìn àti ilẹ̀dú tí ẹ ti sẹ́ sínú rẹ̀, ẹ yí omi híhó lé e lórí, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ po irúgbìn mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó lè tàn ká, ẹ wọ́n ọn sójú ilẹ̀, kí ẹ wá fi yanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Bí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀ bí àgbàdo, kò ní hù.

Ẹ má bu omi lé e lórí o. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, igbá ni mo fi bu omi sí i. Gbogbo irúgbìn wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti hù pìtìmù bí irun orí ọmọ tuntun, ìyókù abọ́ wà lófìfo. Inú báàfù tí omi díẹ̀ wà ni kí ẹ gbé abọ́ náà sí, kí ilẹ̀ fa omi láti ìsàlẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti rin, ẹ gbé e kúrò, torí ọ̀rinrin àpọ̀jù ló ń jẹ́ kí ọmọ igi rà lọ́rùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ó rí i tó ń yọjú.

Bó bá ti yọ ewé mẹ́rin, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ hú u. Ewé ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ lu ihò sí nídìí ti tó fún un. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, kí ẹ sì máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn oko má bàa bá a lójijì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí: a máa ń rò pé igi tó ga jù nínú ọ̀rá ló dára jù. Irọ́ ni. Mo fi ogún igi sílẹ̀ nínú ọ̀rá títí di oṣù kẹsàn-án, torí mo ń dúró de ẹni tí yóò bá mi ro oko. Wọ́n ga ju orúnkún mi lọ, inú mi ń dùn. Lọ́dún kejì, ìjì alẹ́ kan wó mẹ́jọ nínú wọn. Nígbà tí mo gbé ìdí ọ̀kan sókè, gbòǹgbò rẹ̀ ti wé mọ́ra bí òṣùká, ó ṣì mú àwòrán ọ̀rá tí mo ti bọ́ kúrò lára rẹ̀ tipẹ́. Láti ìgbà náà, igi tó bá ti ń sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, oko ló ń lọ. Ẹ má sì fi igi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Atẹ́gùn tó ń mì ín ló ń kọ́ ọ ní ìdúró.

Mítà 3 ni kí ẹ fi sí àárín igi kan sí èkejì. Éékà kan yóò gba nǹkan bí 450. Ẹ jìnnà sí kànga, sí odò àti sí ògiri ilé, torí ọ̀mu ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ lè gbin ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sáàárín rẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣu ló wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì, ṣùgbọ́n ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè yóò gé gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ̀kan àti ikán ni ọ̀tá méjèèjì: ẹ máa ro ìdí igi mọ́, kí ẹ sì wú òkìtì ikán tó bá wà nítòsí tìyátìyá. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ẹ̀bá oko mọ́lẹ̀ dáadáa, torí òróró tó wà nínú ewé rẹ̀ máa ń gbaná.

Ẹ̀yin ará wa tó wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́, camaldulensis yìí lè má là á já lọ́dọ̀ yín. Gunnii, tó wá láti Tasmania, ni kí ẹ gbìn, tàbí pauciflora, tó ń hù lórí òkè oníyìnyín ní Ọsirélíà. Irúgbìn pauciflora, ẹ po ó mọ́ yanrìn tútù, kí ẹ fi sínú fíríìjì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó fọ́n ọn. Ìgbà tí ìrì dídì bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni kí ẹ gbé e síta, ní kékeré bákan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó irúgbìn wọ̀nyẹn bọ̀ wálé. Ooru wa kì í ṣe tiwọn.

Tí òpó bá ti tó gé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gé e, nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí ilẹ̀, kí ojú ọ̀gé dagun kí omi má dúró níbẹ̀. Kùkùté náà yóò tún rúwé. Bí èéhù bá ti tó ìdúró èèyàn, ẹ mú méjì tó lágbára jù, kí ẹ gé ìyókù fún ewúrẹ́ tó bá lè jẹ ẹ́. Tèmi kò jẹ ẹ́ rí.