Bí Mo Ṣe Ń Wá Ìfẹ́ Ọlọ́run Báyìí

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbààwẹ̀ lórí iṣẹ́ tuntun kan. Mò ń sọ fún Ọlọ́run pé kó fi ìfẹ́ rẹ̀ hàn mí, mò ń bẹ àwọn tá a jọ ń gbàdúrà pé kí wọ́n bá mi dá sí i. Bẹ́ẹ̀, mo ti ṣírò owó oṣù ibẹ̀ síwá sẹ́yìn, mo ti mọ ohun tí n ó fi ti oṣù àkọ́kọ́ rà. Ìyá kan tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ àdúrà wa ni mo lọ bá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Ọmọ mi, bí Olúwa bá ní kí o má lọ ńkọ́, ṣé wàá dúró?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó tún ní, "Ó dáa. Kí ni Ó bá ọ sọ kẹ́yìn tí o ò tíì ṣe?"

Ìbéèrè méjèèjì yẹn ni mo fi ń wá ìfẹ́ Ọlọ́run láti ìgbà náà, àwọn náà ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ti orí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìfẹ́ Ọlọ́run kì í ṣe àṣírí. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará Tẹsalóníkà nínú ìwé kìíní, orí 4 ẹsẹ 3, pé ìwà mímọ́ wọn ni ìfẹ́ Ọlọ́run. Ní orí 5 ẹsẹ 18, ó ní kí wọ́n máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo, pé ìfẹ́ Ọlọ́run nìyẹn. Míkà 6:8 ní ká ṣe òdodo, ká fẹ́ràn àánú, ká sì máa fi ìrẹ̀lẹ̀ bá Ọlọ́run wa rìn. Kò sí èyí tó ń dúró de àlá nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ẹni tí ẹ ó fẹ́ tàbí ibi tí ẹ ó kó lọ, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ti mọ̀ tí ẹ ò tíì ṣe. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ èèyàn, ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún síbẹ̀.

Orúkọ àbúrò mi ọkùnrin ni mo kọ. Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí nǹkan le. Nígbà tó béèrè, mo bínú bí ẹni pé òun ló jẹ mí, a ò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ fún oṣù 8. Róòmù 13:8 ní ká má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kankan, àfi ti ìfẹ́. Mo ti fi ẹsẹ yẹn kọ́ kíláàsì Bíbélì mi rí, bẹ́ẹ̀ gbèsè wà lọ́rùn mi.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí mo pè é. Fóònù náà dún lẹ́ẹ̀mejì, àyà mi já, mo pa á. Kí n tó gbé e sílẹ̀ ló ti pè padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí?" Ó rò pé ìròyìn ikú ni. Mo ní, "Kò sí. Àbúrò mi, jọ̀wọ́ má bínú. Mo jẹ ọ́ lówó, mo sì jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀." Kò fọhùn, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ìpè yìí." Mo san díẹ̀ lọ́jọ́ náà, oṣù márùn-ún ni mo fi san ìyókù.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó lè jókòó ti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Mo rántí pé ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ti sọ pé nígbà míì, a óò máa kọ iṣẹ́ tá ò ṣe mọ́ iṣẹ́ tá a ṣe, kí oníbàárà san gbogbo rẹ̀ pọ̀. Etí mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, owó oṣù ni kò jẹ́ kó wọ̀ mí lọ́kàn. Kí ni mo tún fẹ́ kí áńgẹ́lì wá sọ fún mi? Ẹ́kísódù 20:15 ti sọ ọ́: ìwọ kò gbọ́dọ̀ jalè. Mo kọ̀wé sí wọn pé mi ò wá mọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ìyá yẹn ló le jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka Jeremáyà orí 41 títí dé 43 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ti pa Gedaláyà tí ọba Bábílónì fi ṣe gómìnà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó ṣẹ́ kù ní Júdà. Jòhánánì ọmọ Káréà kó wọn wá bá Jeremáyà pé kó bá àwọn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Olúwa. Wọ́n búra pé ì báà dára, ì báà burú, àwọn á gbọ́. Ọjọ́ 10 kọjá kí ọ̀rọ̀ Olúwa tó dé: ẹ dúró ní ilẹ̀ yìí, ẹ má lọ sí Íjíbítì. Wọ́n ní irọ́ ni, pé Bárúkù akọ̀wé Jeremáyà ló ń tì í. Ẹ wá padà sí orí 41 ẹsẹ 17. Kí wọ́n tó béèrè rárá, wọ́n ti wà lẹ́bàá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ojú wọn ti kọ Íjíbítì. Òǹtẹ̀ ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìbẹ̀rù kí n má di Jòhánánì ló jẹ́ kí n máa ṣe ohun tí mò ń ṣe báyìí. Mo máa ń kọ gbólóhùn méjì sínú ìwé mi: "Olúwa ní kí n ṣe é" àti "Olúwa ní kí n má ṣe é." Mo máa kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ohùn mi bá ti wálẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti dì. Mi ò ní tíì béèrè ìtọ́sọ́nà nígbà yẹn, ọkàn tó dì yẹn ni n ó máa gbàdúrà lé lórí. Ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò fẹ́ nǹkan kan o. Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé kí ago náà ré òun kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì gbàdúrà náà kó tó dìde.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ọkàn àwọn balẹ̀, pé ọ̀nà sì là, torí náà Ọlọ́run ló ni ín. Jónà dé Jópà, ó bá ọkọ̀ Táṣíṣì nílẹ̀, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sùn fọnfọn nínú ìjì. Ọ̀nà là, oorun dùn, sísá ló ń sá fún Ọlọ́run. Ní ti Jésù, òógùn rẹ̀ ń kán sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó wà láàárín gbùngbùn ìfẹ́ Baba.

Ẹ wá ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó lè sọ fún yín pé rárá ni. Wòlíì tòótọ́ ni Nátánì, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ sọ fún Dáfídì pé kó lọ ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà ni Olúwa rán an padà pé kì í ṣe Dáfídì ni yóò kọ́ ilé òun. Ẹni tó bá ń sọ pé "Olúwa wí" tí kò sì fẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ẹ sá fún un.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà méjì tó dára ni, tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò ka èyíkéyìí léèwọ̀, ẹ béèrè ọgbọ́n bí Jákọ́bù 1:5 ṣe wí, kí ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì máa lọ. Nínú Ìṣe orí 16, Ẹ̀mí dí Pọ́ọ̀lù lọ́nà Éṣíà, ó tún dí i lọ́nà Bítíníà, lórí ìrìn ni ìran tó pè é sí Masedóníà ti bá a ní Tíróásì. Bó ṣe rí i ni wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n dé Fílípì, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé. Nítorí náà, bí ìyà bá tẹ̀ lé ìgbọràn yín, ẹ má tètè sọ pé ẹ ṣì í gbọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ṣi ọ̀nà ní tòótọ́, Jónà 3:1 ní ọ̀rọ̀ Olúwa tọ̀ ọ́ wá lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè kan wà nínú ìwé mi báyìí tó ti pé ọ̀sẹ̀ 11. Mi ò tíì rí ìdáhùn. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ohun tí mo mọ̀ fún òní sí: ẹnì kan nínú kíláàsì mi wà ní ọsibítù, mo ṣèlérí pé n ó wá wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì lọ. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò.